Ìlapa Èrò àti Àkọsílẹ̀ Kókó Ọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ fún Òbí tí Ń Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ ní Ilé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó mọ ìwé kà, tí ó sì lè ṣe àdàkọ ojú ìwé kan láìṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ohun tí ìwé náà wí, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Ìdí rẹ̀ ni pé ọwọ́ nìkan ni ó ṣiṣẹ́. Ọpọlọ kò bá ọwọ́ lọ. Àdàkọ kì í ṣe àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní àkọsílẹ̀ ní láti kọ́ ọ bí a ti ń yọ kókó jáde nínú ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà.

Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ń kọ́ ní ìwé ní ilé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, nítorí pé láti ọdún 1993 ni òfin ti fi àyè gba ẹ̀kọ́ inú ilé ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín ọdún 11 sí 14, ìwé tí ó ní láti kà a máa pọ̀ sí i, òbí kò sì lè jókòó tì í ní gbogbo ìgbà mọ́. Kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú kíláàsì tí yóò yá ní ìwé wò. Ìwé ajákọ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí yóò rán an létí ohun tí ó kọ́.

Àwọn òbí ní ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú tọ́ irú nǹkan yìí wò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn COVID-19, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì di olùkọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí, ẹ̀rọ yìí kì í dúró gba ìbéèrè. Ohun tí ọmọ kò bá rí kọ sílẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

KÍ NI ÌLAPA ÈRÒ?

Ìlapa èrò ni egungun ọ̀rọ̀. Ẹran ara lè pọ̀ tàbí kí ó kéré, ṣùgbọ́n egungun ni ó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Bí a bá to àwọn kókó ọ̀rọ̀ sí ipò, tí a fi èyí tí ó tóbi ṣe orí, tí a sì fi èyí tí ó ń ṣe àlàyé rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, a ti ṣe ìlapa èrò. Ẹni tí ó fẹ́ kọ àròkọ ń ṣe é kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ka ìwé ẹlòmíràn ń ṣe é láti mọ bí olùkọ̀wé náà ti to èrò tirẹ̀.

Láti ara ìwé kíkà ni ó dára kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ gbígbọ́. Ìwé kì í sá lọ. Ọmọ lè padà sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

ÀPẸẸRẸ KAN

Kí òbí mú àyọkà kúkúrú bí irú èyí:

Abo ẹ̀fọn tí a ń pè ní Anopheles ni ó ń gbé ibà kiri. Òru ni ó máa ń jẹ ènìyàn jù. Bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ó ní ibà, yóò gbé kòkòrò àìsàn náà lọ sí ara ẹlòmíràn. Inú omi tí kò ṣàn ni ó ń yé ẹyin sí, bí omi inú kòtò àti adágún kékeré. Ẹni tí ibà bá mú yóò máa gbọ̀n, ara rẹ̀ yóò gbóná, orí yóò sì máa fọ́ ọ. Kí a da omi tí ó dúró sí àyíká ilé nù, kí a sì máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Bí àmì ibà bá yọ, kí a tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí a sì lo oògùn tí oníṣègùn bá fún wa tán.

Ní àkọ́kọ́, kí ọmọ ka gbogbo rẹ̀ já láìmú bírò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó tún un kà, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, tàbí mẹ́rin, nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Òfin yìí yóò ni í lára, ṣùgbọ́n òun ni ó ń fi ipá mú un láti ronú. Bí a bá gbà á láyè kí ó kọ gbogbo gbólóhùn, yóò padà sí àdàkọ.

Nígbà tí ó bá ti mú kókó wọ̀nyí jáde, kí òbí bi í pé: “Mélòó nínú wọn ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà?” Láti inú ìdáhùn rẹ̀ ni ìlapa èrò yóò ti jáde:

IBÀ
1. Bí ó ti ń ràn
(a) abo ẹ̀fọn Anopheles
(b) òru ni ó ń jẹni jù
(d) kòkòrò láti ara dé ara
2. Ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí
(a) kòtò olómi
(b) adágún kékeré
3. Àmì rẹ̀
(a) gbígbọ̀n
(b) ara gbígbóná
(d) orí fífọ́
4. Ìdènà
(a) dída omi nù
(b) nẹ́ẹ̀tì

Ó ku àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sáré fi wọ́n sí abẹ́ orí kẹrin. Kí òbí má ṣe bínú, kí ó má sì bá a pa á rẹ́. Ìbéèrè kan ti tó: “Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lé ẹ̀fọn?” Ọmọ yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ìdènà yàtọ̀ sí ìtọ́jú, àti pé orí karùn-ún gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí ọmọ bá ń jiyàn nípa ibi tí kókó kan yẹ kí ó wà, ìgbà náà gan-an ni ó ń kọ́ ẹ̀kọ́. Òbí tí ó bá bá ọmọ ṣe ìlapa èrò náà tán ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀKỌSÍLẸ̀ LÁTI INÚ Ọ̀RỌ̀ TÍ A GBỌ́

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ láti kọ ohun tí ó ń gbọ́. Kí òbí ka ìròyìn tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sókè, tàbí kí ọmọ gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹnu yá ju ọwọ́ lọ, nítorí náà ọmọ ní láti ní àgékúrú tirẹ̀: kí ó fa ọfà dípò “ó fa”, kí ó fi àmì ìròpọ̀ dípò “àti”. Kí ó máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ bí “ìdí mẹ́ta ni ó wà” tàbí “ohun tí ó ṣe pàtàkì jù”, nítorí pé kókó ni ó máa ń tẹ̀lé wọn.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tí ó ń kọ èdè Yorùbá. Ìkánjú a máa mú kí ọmọ fi àmì ohùn sílẹ̀. Bí ó bá kọ “igba” láìsí àmì, nígbà tí ó bá fi máa di ọ̀la, kò ní mọ̀ bóyá ìgbà ni, tàbí igbá, tàbí igba tí í ṣe iye. Kò pọn dandan kí ó fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń sáré kọ. Ṣùgbọ́n kí ó fi sí èyí tí ó lè ṣi ni lọ́nà.

OJÚ ÌWÉ ALÁPÁ MẸ́TA

Ọ̀nà kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀. Walter Pauk, olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó gbé e kalẹ̀, ó sì ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, How to Study in College, tí ó jáde ní ọdún 1962. Kí ọmọ fi rúlà fa ìlà sí ojú ìwé, kí ó dá ìwọ̀n íǹṣì 2½ sí apá òsì, kí ó fi íǹṣì 6 sílẹ̀ ní apá ọ̀tún, kí ó sì dá íǹṣì 2 sí ìsàlẹ̀. Bí ìwé ajákọ rẹ̀ bá kéré, kí apá òsì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta.

Apá ọ̀tún ni yóò kọ kókó sí nígbà tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tàbí tí ó ń kàwé. Bí ó bá parí, yóò kọ ìbéèrè sí apá òsì, irú bí “Níbo ni ẹ̀fọn ń yé sí?” Ní ìsàlẹ̀, yóò fi gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sọ gbogbo rẹ̀ ní ṣókí. Ní ọjọ́ kejì, kí ó fi ìwé bo apá ọ̀tún, kí ó sì dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láti inú ara rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ìwádìí wọn hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbìyànjú láti rántí àyọkà láìwo ìwé rántí púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju àwọn tí wọ́n kàn ń tún un kà lọ.

LÁTI INÚ EGUNGUN PADÀ SÍ ARA

Ìdánwò ìkẹyìn ni kí ọmọ fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Benjamin Franklin, tí a bí ní Boston ní ọdún 1706, fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 10. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkọ báyìí: ó mú àròkọ dáradára láti inú ìwé ìròyìn The Spectator, ó kọ kókó kúkúrú láti inú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e tì fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ó fi kókó wọ̀nyí tún àròkọ náà kọ láìwò ó, tí ó sì fi tirẹ̀ wé ti ìṣáájú láti rí àṣìṣe rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń da àwọn kókó náà rú, kí ó lè kọ́ bí a ti ń to èrò. Òbí lè ṣe bákan náà: kí ó gé ìlapa èrò sí wẹ́wẹ́, kí ó dà á pọ̀ mọ́ra, kí ó sì ní kí ọmọ tún un tò.

Kí iṣẹ́ ojúmọ́ má ju ìṣẹ́jú 20 lọ, nítorí díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí òbí má ṣe fi kíkọ tí kò gún régé na ọmọ, nítorí pé àkọsílẹ̀ kì í ṣe ìwé tí a ń fi han àlejò.

Àwọn àgbà wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkọsílẹ̀ rí. Ọmọ tí ó lè kọ ààbọ̀ sílẹ̀ ní òní, tí ó sì lè sọ ọ́ di odidi ní ọ̀la, yóò lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ lọ bí olùkọ́ kò tilẹ̀ sí nítòsí.