Àpótí Ìmọ̀: Òkè tí ó di odi ní Àkókó

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń kó àwọn ará Àkókó ní ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rú, orí òkè olókùúta ni ọ̀pọ̀ ìlú, Ọ̀kà pẹ̀lú, fi ṣe odi, ìyẹn ààbò tí àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ máa ń fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì ń gbẹ́ yàrà yí ká. Ẹṣin ni Tápà gbójú lé, pátákò ẹṣin a sì máa yọ̀ lórí àpáta. Ààbò náà kò pé ṣá, nítorí ìsàlẹ̀ ni oko wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mú àgbẹ̀. Lẹ́yìn tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà ní 1897, ẹ̀rù Tápà rọlẹ̀. Kì í ṣe ní Àkókó nìkan ni òkè ti ṣe pàtàkì nínú ogun: ní Elmina, ìlú etíkun ilẹ̀ Gánà, orí òkè ni àwọn ará Hólàǹdì gbé àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá, sí ní 1637 tí wọ́n fi gba odi àwọn Potogí tó wà nísàlẹ̀, àwọn ará Hólàǹdì náà sì wá kọ́ odi sórí òkè ọ̀hún, kí ẹlòmíràn má baà fi ọgbọ́n kan náà mú wọn.