Ojú Ti Tọ́, Ọrùn Ò Tíì Mọ̀

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Láti kékeré ni ojú òsì mi ti wọ́ sápá imú. Bí mo bá ń wò ọ́, ẹni tó jókòó tì ọ́ ni yóò dáhùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Bí rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa bá tò fún fọ́tò lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń wà, màá sì fa etí gèlè bo ojú òsì.

Nígbà tó yá, mo ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń tọ́ irú ojú tiwa yìí. Ẹni tó bá ní ọmọdé nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, má gbà á gbọ́. Iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Dókítà á dẹ èyí tó ń fà jù, tàbí kó mú èyí tó dẹ̀ le. Wọn kì í yọ ẹyinjú jáde o! Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Eye Foundation tí Dókítà Kunle Hassan dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ojú ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin níbí, UCH sì wà n'Íbàdàn. Béèrè dókítà tó mọ iṣẹ́ iṣan ojú dáadáa.

Bí o bá ṣe é tán, ojú á pọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa yún ọ́ bíi pé iyanrìn kó sí i. O lè máa rí nǹkan kan ní méjì fúngbà díẹ̀, nítorí náà má tíì wakọ̀. Oògùn tí dókítà ní kí o máa kán sójú nìkan ni kí o kán. Tìróò ńkọ́? Fi í sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá gbé omi ewé tàbí omi ọmú wá, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, má gbà á. Jìnnà sí èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Bí Iléyá bá bọ́ sí àsìkò náà, jọ̀ọ́, orí tẹlifíṣọ̀n ni kí o ti wo Ojúde Ọba: eruku ẹṣin àti èéfín ìbọn kò yẹ ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, tàbí ìríran ń ṣú, padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Mi ò ní tàn ọ́. Ojú tí kò ríran dáadáa láti kékeré kò ní torí èyí ríran sí i. O ṣì lè máa lo jígí ojú rẹ, àwọn mìíràn sì máa ń padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ojú á tọ́, ọrùn ò ní tíì mọ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, mo ṣì ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí oníbàárà bá dé. Ní 2009, àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè 20 jáde fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ wọ́. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ dá lórí ìtìjú àti ohun tí aráyé ń rò nípa ẹni. Wọ́n mọ ibi tó ń dùn wá. Wíwolẹ̀ fún àgbà, ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn. Yíyíjú tiwa kì í ṣe ọ̀wọ̀, ìsápamọ́ ni. Mú ẹnì kan tí o fọkàn tán, máa wò ó lójú sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní Ojúde Ọba tó ń bọ̀, wá dúró tì mí níwájú. Wé gèlè rẹ sókè, kí ojú méjèèjì hàn.