Koríko ni Oúnjẹ Ahun

Ẹ má fún un ní ẹ̀bà mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ nìyí fún ẹni tó bá ní kí n wá bá òun wo ahun òun, nítorí mo ti mọ ohun tí n óò bá nínú àwo: ẹ̀bà àná, búrẹ́dì, ìrẹsì, nígbà mìíràn orí ẹja. Ìjàpá inú àlọ́ ló ń fi fìlà gbé àsáró gbígbóná. Ti àgbàlá yín kò lè rọ́gbọ́n dá sí i; ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ náà ni yóò jẹ.

Kí ẹ tó wá oúnjẹ, ẹ mọ irú èyí tí ẹ ní. Ẹ wo ẹ̀yìn itan rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀gún ńláńlá níbẹ̀, tí àwọ̀ igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bí iyanrìn, ahun ilẹ̀ ọ̀dàn ni, tí ìran rẹ̀ ti wá láti etí aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì lè tẹ̀wọ̀n ju kílò 40 lọ. Bí apá ẹ̀yìn igbá náà bá ní oríkèé, tó lè pa á dé mọ́ ẹsẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ahun igbó ni. Olú, èso tó bọ́ sílẹ̀, ìgbín kéékèèké, ekòló àti ọ̀kùn ni tirẹ̀, òjìji àti ilẹ̀ tútù ló sì ń gbé. Inú igbó ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà létí ọ̀nà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Ti ọ̀dàn ni ọ̀rọ̀ mi yìí dá lé.

Bí ẹ bá pín oúnjẹ rẹ̀ sọ́nà mẹ́wàá, kí mẹ́jọ, ó kéré tán, jẹ́ koríko: eéran, koóko, eruwa tí kò tíì gbó, ewé àgbàdo. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín inú ìfun rẹ̀ ló ń bá a rọ koríko yìí, díẹ̀díẹ̀, fún ọjọ́ púpọ̀. Ó sàn kó fi ẹnu ara rẹ̀ já a lórí ilẹ̀ ju kí ẹ gé e fún un, bí ẹ kò bá ti fín oògùn apakoríko síbẹ̀. Ẹ ṣa gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò nílẹ̀, torí yóò gbé e mì. Bí olómi-òjò tàbí lápálàpá bá wà nínú ọgbà, ẹ dínà rẹ̀ mọ́ ọn. Ewé pákí àti èèpo rẹ̀ náà léwu.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé ànàmọ́ díẹ̀ lè kún un. Gbúre àti tẹ̀tẹ̀ dùn lọ́bẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú wọn tó ń di kálíṣíọ̀mù mú, tí kì í jẹ́ kó dé egungun. Ẹ má sọ wọ́n di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹran, ẹja, oúnjẹ adìyẹ àti ti ajá ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ìbẹ́pẹ ńkọ́? Yóò fi ìwọra jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ṣúgà inú èso ń da ìfun rẹ̀ rú, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì máa ṣàn.

Fún igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ se èèpo ẹyin, ẹ sá a, ẹ gún un kúnná, kí ẹ máa wọ́n díẹ̀ sórí koríko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láìsí oòrùn, ara rẹ̀ kò lè lò ó, oòrùn tó gba ojú fèrèsé onígíláàsì wọlé kò sì tó.

Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń dà mí láàmú jù, pàápàá nítorí ọmọ ahun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oúnjẹ nìkan ló ń mú kí igbá ọmọ ahun yọ gọngọ bí òkìtì. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ gan-an ló ń fà á jù. Ẹ máa gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò kọjá àgbọ̀n rẹ̀, ní ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, kó mu nínú rẹ̀. Bí nǹkan funfun inú ìtọ̀ rẹ̀ bá le bí iyanrìn, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ tipẹ́. Ẹ ti gé koríko nígbà òjò, kí ẹ sá a, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ní bu. Koríko àgbò tí wọ́n ń tà nígbà Iléyá dára, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bó bá jẹ́ ewé ẹ̀wà tàbí ewé ẹ̀pà gbígbẹ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó lágbára jù fún un.

Èyí tí ẹ̀bà ti mọ́ lára yóò kọ koríko ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ́ koríko wẹ́wẹ́, ẹ fi ìbẹ́pẹ bíńtín pò ó, kí ẹ máa dín ìbẹ́pẹ náà kù lójoojúmọ́ títí yóò fi tán. Àgbà ahun lè fara da ọjọ́ mélòó kan láìjẹun. Bí ọmọ ahun bá fi ọjọ́ méjì kọ oúnjẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.