Ìmẹ̀sí-Ilé: Ìlú Kékeré, Ẹ̀kọ́ Ńlá

Ìlú kékeré kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a fi ṣe ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí. Ìmẹ̀sí-Ilé ni orúkọ rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, láàárín àwọn òkè tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀ Èkìtì. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀.

Àwọn àgbà mọ ìlú náà mọ́ ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìgbájọ ni ogun Ìbàdàn tẹ̀dó sí; apá Ìmẹ̀sí ni Ògèdèńgbé àti Èkìtì Parapọ̀ wà. Ní oṣù kẹsán-án ọdún 1886 ni a kéde àlàáfíà, tí a sì tú ibùdó ogun ká.

Ohun kejì tí ó sọ Ìmẹ̀sí-Ilé di olókìkí kò ní ìbọn nínú. Ní 1956, Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún: àìjẹunrekánú, èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Káàdì kan ni iṣẹ́ náà dá lé. Bí a bá ti gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, a ó fi àmì sí káàdì. Bí àmì bá ń gòkè láti oṣù dé oṣù, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró sójú kan, ewu ń bọ̀, bí ara ọmọ náà tilẹ̀ ń dán lójú ìyá rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú káàdì náà nílé, kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Irú káàdì yìí tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àjọ UNICEF bẹ̀rẹ̀ ìpolongo láti gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé là ní 1982, wíwọn ọmọ wà lára ohun mẹ́rin tí wọ́n tẹnu mọ́, pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ọmú ìyá, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Kí ni èyí kàn wá? Ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́ kò yàtọ̀ sí káàdì yẹn. Ẹni tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kò lè mọ ìgbà tí owó rẹ̀ dúró sójú kan. Ẹgbẹ́ tí kì í ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìpàdé yóò máa dán lójú títí ọjọ́ tí àpò yóò fi gbẹ. Àìsàn tí a bá tètè rí, ìwòsàn rẹ̀ kì í wọ́n.

Ìbéèrè fún ìpàdé yín:
1. Ta ni ìwé owó yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí?
2. Oṣù wo ni a ka ìṣirò ẹgbẹ́ sétí yín gbẹ̀yìn?
3. Ẹ̀yáwó wo ni ó ti dúró sójú kan, kí ni a ó sì ṣe sí i kí ó tó bàjẹ́?