Ẹ Má Fi Owó Díwọ̀n Ènìyàn: Ìkìlọ̀ fún Ará Ilẹ̀ Yewa lórí Àárẹ̀ Ọkàn

Ẹ̀yin ará Ìlaró, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ àti gbogbo agbègbè ẹnubodè, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀ mọ́. Àárẹ̀ ọkàn ń jẹ àwọn ènìyàn wa run. Wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń jókòó nínú ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ń bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà nínú ara wọn pé àwọn kò já mọ́ nǹkan kan.

A mọ ọ̀kan nínú ohun tó dá kún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa. Ní oṣù Kọkànlá, Kọ́sítọ́ọ̀mù tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rin ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò tiwa kò sí lára wọn. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni tirẹ̀ tó ṣí. Ọ̀pọ̀ tó ti ń fi òwò ẹnubodè tọ́mọ di ẹni tó jókòó sílé. Ebi pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wò wọ́n dùn wọ́n ju ebi lọ. Ẹni tí à ń dìde fún níjọ́sí, a kò rójú kí i mọ́.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí a bá ń fi owó díwọ̀n ènìyàn, ọjọ́ tí owó bá lọ, onítọ̀hún á rò pé òun náà ti tán nìyẹn. Ẹ má sọ fún ọmọ tó jáde ní Poly Ìlaró tí kò tíì ríṣẹ́ pé, “Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti kọ́lé.” Ẹ má bi obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ pé kí ló ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.

Àwọn baba wa kò tọ́ wa báyìí. Ọmọ tí kò tíì dá nǹkan kan ṣe láyé, ìyá rẹ̀ á ti máa kì í ní Àjàní, ní Àlàó, ní Àbẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kùtù. A kì í dúró kí ọmọ kọ́lé kí a tó kì í. Ẹ dá àṣà yìí padà. Ẹ kí ẹni tó ń yan gàrí kú iṣẹ́, ẹ kí ọlọ́kadà kú ewu ọ̀nà. Ẹ pe aládùúgbò tí ẹ kò rí láti ìjẹta, kí ẹ sì jókòó tì í. Ìwọ tí ayé sì sú, má nìkan pa ẹ̀dùn ọkàn rẹ mọ́ra. Má fi ọtí tàbí oògùn tramadol pa á rẹ́. Ṣe ni wọ́n ń dá kún un. Fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnìkan tó mọ àṣírí í pa mọ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ṣùgbọ́n ìṣírí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹnìkan kò bá rí oorun sùn, tí kò lè jẹun, tí kò fẹ́ rí ènìyàn, tó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn ló kàn. Bó bá sọ pé ikú yá ju kí òun wà láàyè lọ, ẹ má pè é ní àwàdà, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Ní Aro níbẹ̀, ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan tí gbogbo ayé wá wò. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń lọ sóko, wọ́n ń bá ọmọ aráyé gbé. Ó fi hàn pé ẹni tí a bá ṣe sí bí ènìyàn, ara rẹ̀ á tètè yá. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ilé ìwòsàn Aro ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Nítorí náà, ẹ má de aláìsàn mọ́lẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má febi pa á nítorí pé ẹ fẹ́ lé ẹ̀mí èṣù jáde. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe irú wọn ní wèrè, ó sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bá wa sọ ọ́ láàfin, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí àti lọ́jà: àárẹ̀ ọkàn kì í ṣe ẹ̀gàn, ó sì ní ìtọ́jú. Kí olúkúlùkù wá ẹnìkan kí lónìí, kó sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.