Ẹsẹ̀ Ni Yóò Gbé Wa Dé Arafa: Ẹ Jẹ́ Kí A Tọ́jú Rẹ̀ Láti Ilé



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ṣe Haji ní ọ̀ranyàn fún ẹni tó bá ní agbára rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, bí a bá ń sọ̀rọ̀ agbára Haji, owó ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kà. Lóṣù yìí, agbára ẹsẹ̀ ni a fẹ́ kà.

Tọkọtaya tó wá ra òògùn ara ríro

Ní ọdún kan, tọkọtaya kan láti Ìbà wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n ti sanwó Haji tán. Bàbá jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìkìrun, ó ní àtọ̀gbẹ. Diclofenac páálí méjì ni wọ́n fẹ́ rà, nítorí wọ́n gbọ́ pé ìrìn pọ̀ lọ́hùn-ún.

Mo ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ fẹsẹ̀ rìn fún odindi wákàtí kan gbẹ̀yìn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ kírun."

Mo ní kí ìyá jọ̀wọ́ bọ́ bàtà wọn. Lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo rí ọgbẹ́ kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ìyá kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí kò dùn wọ́n. Bí àtọ̀gbẹ bá ti pẹ́ lára, ó máa ń ba iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora jẹ́. Bí ìyá bá gbé ọgbẹ́ yẹn rin Mina, ó lè di ohun tí wọ́n á torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀.

Mi ò ta diclofenac fún wọn. Mo kọ̀wé lé wọn lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù. Inú bàbá kò dùn sí mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá. Ohun tí a jọ kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni mo kó jọ síbí.

Báwo ni ìrìn náà ṣe gùn tó?

Nínú Suratul-Haji, aya 27, Ọlọ́hun dárúkọ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá sí Haji ṣáájú àwọn tó gun ẹran. Kí ọkọ̀ òfúrufú tó dé, àwọn èèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn láti òkè Ọya gba Chad àti Sudan lọ sí Mẹ́kà. Àwọn mìíràn lo ọ̀pọ̀ ọdún lójú ọ̀nà. Àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó tẹ̀dó sójú ọ̀nà wà ní Sudan títí di òní.

Lónìí, ọkọ̀ òfúrufú ti gba púpọ̀ nínú ìrìn náà ṣe, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo rẹ̀. Ìrìn ẹ̀ẹ̀meje láàárín Safa àti Marwa lé ní kìlómítà 3. Láti Mina sí Arafa tó kìlómítà 14. Bọ́ọ̀sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá dí, ọ̀pọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Musidalifa padà sí Mina. Lẹ́yìn náà ni ìlọ àti àbọ̀ láti àgọ́ dé ibi òkò jíjù, lójoojúmọ́.

Oòrùn tún wà níbẹ̀. Ní Haji ọdún 2024, ooru Mẹ́kà kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìjọba Saudi kéde pé èèyàn 1,301 ló kú. Nínú gbogbo 100 wọn, 83 ni kò ní ìwé àṣẹ Haji, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòji. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ gba ẹ̀yìn lọ sí Haji, ẹ̀mí yín ló fi ń tajà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 15, ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 5 kún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ ó ti máa rin ìṣẹ́jú 70. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lẹ́yìn ìrun Sùbúhì ni kí ẹ rìn, kí ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí àyà bá ń dùn tàbí tí èémí bá ń gé, kó dúró, kó lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kó jinná.

2. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì fi rìn nílé títí yóò fi mọ́ra. Sálúbàtà tí kò bo kókósẹ̀ ni ti ọkùnrin nínú ìhúráàmù. Obìnrin lè wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀.

3. Nígbà àlùwàlá, ẹ fọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ànábì ṣe kọ́ wa, kí ẹ sì nù ún gbẹ lẹ́yìn náà. Ọ̀rinrin tó bá dúró síbẹ̀ ló ń fa ẹsẹ̀ jíjẹ. Ní alaalẹ́, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò. Kí ọkọ yẹ ti aya wò, kí aya yẹ ti ọkọ wò.

4. Itan méjèèjì máa ń ha ara wọn lára títí á fi bó, pàápàá fún ọkùnrin tí kò wọ ṣòkòtò nínú ìhúráàmù. Vaseline tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ fi pa á, nítorí òórùn dídùn jẹ́ èèwọ̀ nínú ìhúráàmù.

5. Bí ẹsẹ̀ bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ. Ẹ fi páádì bò ó. Alátọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dá a tọ́jú, kó lọ sí ilé ìwòsàn.

Òògùn àti omi

Diclofenac àti ibuprofen lè ṣe kíndìnrín léṣe nígbà tí omi bá gbẹ lára, pàápàá fún ẹni tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ léraléra. Ìdí tí mi ò fi tà á fún wọn nìyẹn. Parasitamọ́ọ̀lù sàn jù, ṣùgbọ́n kó má kọjá 8 (oní 500mg) láàárín wákàtí 24. Ẹ má dá òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ dúró fúnra yín. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó lọ.

Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó dé. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá dé, ẹ po ORS sínú omi tó mọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, ṣíbí ìmutíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, tí a gé orí wọn dọ́gba, nínú omi lítà 1. Kí alátọ̀gbẹ máa mú dàbínù dání, bóyá ṣúgà á wálẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ lo agboòrùn. Ó wà nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá pé ọ̀kan nínú Bilal àti Usama fi aṣọ ṣíji bo Ànábì lọ́wọ́ oòrùn títí ó fi ju òkò tán. Bí ẹnìkan bá ń sọ ìsọkúsọ nínú ooru, tí ara rẹ̀ gbóná janjan tàbí tó ṣubú, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ké sí àwọn oníṣègùn. Ẹ má rọ omi sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Àwọn tí a jọ ń rìn

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó máa pinnu bí ẹgbẹ́ yóò ṣe yára tó. Saudah, ìyàwó Ànábì, tọrọ àyè láti kúrò ní Musidalifa lóru kí èrò tó pọ̀, nítorí ara rẹ̀ wúwo, kò lè yára. Ànábì gbà fún un. Àìlera kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìrọ̀rùn sì wà nínú ẹ̀sìn. Ẹ má ti ẹnikẹ́ni, ẹ má fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ẹnu kò sí ibi tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá sọnù síra yín.

Ọgbẹ́ ìyá jinná, dókítà sì fọwọ́ sí ìrìn àjò wọn. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Bàbá sọ fún mi pé lóru Musidalifa, òun fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ sáré lọ, ni ìyá bá di etí ìhúráàmù òun mú, wọ́n ní, "Ẹ rọra, bàbá, a jọ wá ni." Wọ́n ní kí a tó dé Mina, òun gan-an ni ẹsẹ̀ kọ́kọ́ rẹ̀.

Fún ìjíròrò ní Àsàlátù

1. Ìgbà wo lo yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ wò gbẹ̀yìn?
2. Èwo nínú òògùn tí ò ń lò ló yẹ kí o bi dókítà léèrè kí o tó rin ìrìn gígùn?
3. Kí ni a rí kọ́ nínú ìtàn Saudah nípa bí ó ṣe yẹ kí a máa bá aláìlera rìn?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa tẹ ilẹ̀ Arafa ní àlàáfíà, kí Ó sì gbà á lọ́wọ́ wa. Āmīn.