Àwọ̀ Pupa Inú Epo: Oúnjẹ Ojú Ni, Ẹ Má Ṣe Fi Iná Jó O Dànù

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn ọmọdé péjọ sí àgbàlá láti ṣeré òṣùpá, a máa ń rí ọmọ kan nígbà mìíràn tí kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré. Ara ògiri ni ó ń tọ̀ rìn. Bí a bá gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ọwọ́ ni yóò fi máa wá a. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ojú rẹ̀ a tún ríran bí ti àwọn yòókù. Àwọn kan a máa pe èyí ní ìwà ojo, àwọn mìíràn a sì wí pé ayé ni ó ń ṣe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ebi ni. Ebi ń pa ojú ọmọ náà, bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ kún.

Oúnjẹ tí ojú bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni a ń pè ní fítámì A. Ẹ̀yin ará, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí ni pé kò jìnnà sí wa: ó wà nínú àwọ̀ àwọn ohun ọ̀gbìn wa, pàápàá jù lọ nínú epo pupa.

KÍ NI ÀWỌ̀ YÌÍ?

Àwọ̀ tí ó mú epo pọ́n ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kárótíìnì. Wackenroder, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde láti ara kárọ́ọ̀tì ní ọdún 1831. Níbẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ. Ní ọdún 1930, Thomas Moore ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kárótíìnì bọ́ àwọn eku tí fítámì A ti tán lára wọn. Nígbà tí ó yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò, ó bá fítámì A níbẹ̀. Báyìí ni ó ṣe hàn gbangba pé ara a máa sọ àwọ̀ yìí di fítámì A. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ènìyàn ń ṣe.

Nínú kílò kan epo pupa tí a kò tíì bà jẹ́, kárótíìnì àti àwọn tí ó bá a tan a máa tó mílígíráàmù 500 sí 700. Oúnjẹ tí ó ní tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní gbogbo ayé.

Kì í ṣe inú epo nìkan ni ó wà. Ó wà nínú máńgòrò, ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n, elégédé, àti ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pupa bí ọsàn. Ó wà nínú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro àti ewédú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo ewé ìbẹ́pẹ nígbà tí ó bá gbó: bí àwọ̀ ewé bá ti lọ, àwọ̀ ìyeyè tí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ a yọjú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ògì funfun, iṣu funfun, ìrẹsì àti gààrì funfun kò ní in. Ọmọ tí a fi ìwọ̀nyí nìkan tọ́ wà nínú ewu. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe mú irúgbìn ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2011, láti ọwọ́ ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti ilé ìwádìí ti Umudike.

Kárótíìnì kì í wọ ara dáadáa bí kò bá sí ọ̀rá. Nítorí náà, epo tí àwọn ìyá wa ń fi sí ẹ̀fọ́ ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó mú kárótíìnì tirẹ̀ wá, ó sì ń gbé ti ẹ̀fọ́ wọ ara.

OHUN TÍ Ń BA À JẸ́

Èkíní ni iná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbé epo ka iná títí èéfín yóò fi gba ilé kan, tí pupa rẹ̀ yóò sì pòórá. A kò wí pé ọbẹ̀ tí a fi irú epo bẹ́ẹ̀ sè kò dùn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ojú ti bá èéfín lọ. Ọ̀rá nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ẹ bu ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó gbé e ka iná.

Èkejì ni oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ẹ dé epo yín dáadáa, kí ẹ sì gbé e sí ibòji.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tàn. Àwọn oníjìbìtì kan a máa fi aró ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní Sudan IV pa epo láró kí ó lè pọ́n. Aró yìí kì í ṣe ohun jíjẹ, kò sì ní oúnjẹ ojú kankan nínú. Ẹ ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀.

IṢẸ́ TÍ Ó KÀN WÁ

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé ọmọdé 250,000 sí 500,000 ni àìtó fítámì A ń fọ́ lójú lọ́dọọdún, àti pé ìdajì wọn a máa kú kí ọdún kan tó yí po. Bí ọmọ kò bá ríran ní alẹ́, bí ojú rẹ̀ bá gbẹ, tàbí bí àbàwọ́n funfun tí ó dà bí ọṣẹ tí ó hó bá yọ ní ẹyinjú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera ní kíákíá, pàápàá bí éèyi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Ẹ má ṣe ro àgbo tàbí epo sí ojú náà. Ẹnu ni a ń gbà jẹ epo.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni máa mu epo bí omi, nítorí bí ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá tí àpọ̀jù rẹ̀ kò dára fún ọkàn. Díẹ̀ nínú ọbẹ̀ ọmọ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti èso, ni a ń fẹ́. Ojú lọba ara. Ẹ jẹ́ kí a bọ́ ọba náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èwo nínú àwọn oúnjẹ tí a ń fún ọmọ wa ní òwúrọ̀ ni ó ní kárótíìnì?
2. Kí ni ìdí tí a fi ń fi epo sí ẹ̀fọ́?
3. Ta ni ó mọ ọmọ tí kì í ríran ní alẹ́ ní àdúgbò wa, ta ni yóò sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀?